Bí Gbogbo Èròjà Bá Ti Wà Nílẹ̀, Ṣé Ìhùmọ̀ Ṣì Ni? Ọ̀rọ̀ Sẹ́ńsọ̀ Kámẹ́rà Kodak

Àkọsílẹ̀ ohùn mẹ́rin tó wọlé sínú ẹgbẹ́ lálẹ́ Sátidé. A tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí dátà ò gbà láyè láti gbọ́ ọ. A ti yọ ibi tí iná lọ àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ bo ohùn mọ́lẹ̀.

OHÙN KÌÍNÍ

Ẹ forí jì mí, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gé e sí mẹ́rin. Ẹni tó bá ń wakọ̀, kó dákun kó délé ná kó tó gbọ́ ọ.

Ẹ rántí àríyànjiyàn ọjọ́ Ẹtì. Àbúrò wa kan so kámẹ́rà kékeré mọ́ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn àti kọ̀ǹpútà pélébé kan, ó gbé e sí oko adìẹ, ó ń ka iye adìẹ tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ó wá béèrè pé ṣé òun lè gba pátẹ́ǹtì lé e lórí. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹnìkan ti dá a lóhùn: "Kí ló wà ńbẹ̀ tó jẹ́ tuntun? Kámẹ́rà wà lọ́jà, pánẹ́ẹ̀lì wà lọ́jà, kọ̀ǹpútà náà wà lọ́jà." Ẹlòmíràn ní, "Ta ló wá ti so wọ́n pọ̀ rí? Ẹ fi onítọ̀hún hàn wá." Bí ilé ṣe gbóná nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà.

Lójú tèmi, àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dé ibi tí òfin wà. Pé àwọn èròjà ti wà nílẹ̀ kò ní kí ohun tí a fi wọ́n ṣe má jẹ́ ìhùmọ̀. Ọbẹ̀ wo ni kì í ṣe ata, epo àti iyọ̀? Pé ẹnikẹ́ni ò tíì so wọ́n pọ̀ rí náà kò sọ ọ́ di ìhùmọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì jókòó sórí òrùlé ilé mi kó máa fi ẹ̀wà jẹ búrẹ́dì rí, ìyẹn ò ní kí n lọ gba pátẹ́ǹtì lé e.

Ìbéèrè tí òfin ń béèrè nìyí, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, tí ẹ bá mú oníṣẹ́ kan tó mọṣẹ́ níwọ̀n, tí ẹ kó gbogbo ohun tó ti wà nílẹ̀ síwájú rẹ̀, ṣé yóò dé ibẹ̀ fúnra rẹ̀? Tó bá máa dé ibẹ̀, ohun tó hàn gbangba ni, pátẹ́ǹtì ò tọ́ sí i. Tí kò bá ní lè dé ibẹ̀, ìhùmọ̀ ni, kódà kó jẹ́ pé ọjà Alàbà ni wọ́n ti ra gbogbo èròjà rẹ̀.

Ó dùn ún sọ lẹ́nu, àbí? Ó wá kù bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà tí owó ńlá bá wà ńbẹ̀. Ẹjọ́ tí mo mú wá jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ àwòrán gan-an, ti Kodak pẹ̀lú Apple àti Research In Motion, àwọn tó ń ṣe BlackBerry nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló lo BlackBerry, ẹ má purọ́.

OHÙN KEJÌ

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Kodak ni ilé iṣẹ́ fíìmù tó wà ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn bàbá wa tó ń ya fọ́tò mọ àpótí fíìmù rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé inú Kodak yìí kan náà ni kámẹ́rà tí kò lo fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1975, òṣìṣẹ́ wọn kan, Steven Sasson, ṣe ọ̀kan tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ní píksẹ́lì 10,000 péré, tó sì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 23 kó tó kọ àwòrán kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Òṣìṣẹ́ wọn mìíràn, Bryce Bayer, ló gba pátẹ́ǹtì ní 1976 lórí bí sẹ́ńsọ̀ ṣe lè rí àwọ̀. Ọ̀nà Bayer yìí ṣì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù tí ẹ fi ń gbọ́ mi báyìí.

Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò. Sẹ́ńsọ̀ dà bí ọpọ́n ayò tí ihò rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àní mílíọ̀nù. Ìmọ́lẹ̀ ń já sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ihò náà sì ń ka iye tó já sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye nìkan ló mọ̀, kò mọ àwọ̀. Ohun tí Bayer ṣe ni pé ó fi asẹ́ aláwọ̀ bo ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú ihò mẹ́rin, méjì gba asẹ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kan gba pupa, ọ̀kan gba búlúù. Ti àwọ̀ ewé pọ̀ jù nítorí pé òun ni ojú èèyàn fi ń rí fínnífínní jù. Àbájáde rẹ̀ ni pé ihò kọ̀ọ̀kan mọ àwọ̀ kan ṣoṣo. Láti mọ méjì tó kù, kọ̀ǹpútà inú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ yẹ àwọn aládùúgbò rẹ̀ wò, kó fi tiwọn ṣírò tirẹ̀. Ìṣirò yìí ń gba àkókò, ó sì ń jẹ bátìrì.

Ẹ wá padà sí òpin 1994. Ẹ fẹ́ ṣe kámẹ́rà tí èèyàn á máa wo ohun tó fẹ́ yà lórí gíláàsì kékeré lẹ́yìn rẹ̀, tí àwòrán á máa rìn bí fídíò, tó bá sì ti tẹ bọ́tìnnì, kó ya fọ́tò tó mọ́ kedere. Tí ẹ bá ní kí ó ṣe ìṣirò kíkún lórí gbogbo àwòrán tó ń kọjá, tó lè tó ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn ò ní lè gbé e, bátìrì á sì kú kí ẹ tó rí nǹkan yà. Ohun tí àwọn ará Kodak kọ sínú ìwé wọn ni pé kí ọ̀nà di méjì láti ara sẹ́ńsọ̀ kan. Ọ̀nà kìíní yára, kò le, ó ń dín iye píksẹ́lì kù, fún àwòrán tí à ń wò lórí gíláàsì. Ọ̀nà kejì ń lọ pẹ̀lẹ́, ó ń ṣe ìṣirò tó jinlẹ̀, fún fọ́tò tí a fẹ́ fi pamọ́.

Ìwé tí wọ́n kó wọlé ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 1994 ni orírun rẹ̀. Pátẹ́ǹtì tí wọ́n fi ja ẹjọ́ yìí jáde ní 2001, nọ́ńbà rẹ̀ ni 6,292,218. Inú rẹ̀, gbólóhùn kẹẹ̀ẹ́dógún ni gbogbo ìjà dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Àlàyé gígùn tó wà nínú ìwé pátẹ́ǹtì kọ́ ni ẹ̀tọ́. Ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n máa ń to àwọn gbólóhùn kan sí, tí wọ́n ní nọ́ńbà, ìyẹn ni mo ń pè ní gbólóhùn ààlà. Ẹ fi wé ìwé sọ́fíyọ̀ ilẹ̀. Ilé tí ẹ kọ́ lè rẹwà bí ààfin, ohun tí kọ́ọ̀tù máa wò ni òpó tí sọ́fíyọ̀ rì mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú òpó yẹn ló wọ ilẹ̀ yín.

Òpó tí gbólóhùn kẹẹ̀ẹ́dógún rì nìyí, ní èdè tiwa. Kámẹ́rà fọ́tò kan tó ní sẹ́ńsọ̀ tí asẹ́ àwọ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, bò. Apá kan nínú rẹ̀ tó ń sọ ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí di àwòrán tó ń rìn, tí píksẹ́lì rẹ̀ kéré sí ti sẹ́ńsọ̀, tí ètò àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti sẹ́ńsọ̀. Gíláàsì aláwọ̀ tó ń fi àwòrán yẹn hàn. Bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀ láti ya fọ́tò nígbà tó ṣì ń wo gíláàsì. Apá mìíràn tó ń ṣètò fọ́tò náà. Àti mẹ́mórì tó ń gbà á pamọ́. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ mú fóònù yín jáde, ẹ ṣí kámẹ́rà. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo òpó yẹn ló wà lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí Kodak fi lè na ọwọ́ sí gbogbo ẹni tó ń ta fóònù oníkámẹ́rà.

OHÙN KẸTA

Ní Amẹ́ríkà, apá 103 nínú òfin pátẹ́ǹtì wọn ló sọ pé ohun tó hàn gbangba sí oníṣẹ́ kò gba pátẹ́ǹtì. Láti 1952 ló ti wà nínú ìwé òfin bẹ́ẹ̀. Ní 1966, kọ́ọ̀tù wọn tó ga jù sọ bí wọ́n ṣe máa gbé e yẹ̀ wò, nínú ẹjọ́ Graham àti John Deere, tó dá lórí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Wọ́n ní ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ti wà nílẹ̀. Ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ohun tí onítọ̀hún ń bèèrè. Ẹ mọ bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ níwọ̀n ṣe mọ̀ ọ́n tó. Lẹ́yìn náà ni ẹ wá lè wo àwọn ẹ̀rí ìta, bí i pé ṣé ọjà rẹ̀ tà, ṣé àwọn ẹlòmíràn ti gbìyànjú rẹ̀ kó tó já wọn kulẹ̀.

Oníṣẹ́ yìí jẹ́ ẹ̀dá àràmàǹdà kan, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba ẹ̀bùn Nobel, kì í sì í ṣe ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di páànù mú. Ẹ fi sí àárín. Ṣùgbọ́n òfin tún gbà pé ó mọ gbogbo ìwé tó ti jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n kọ ní èdè Japan tí wọ́n tọ́jú sí yàrá ìkàwé kan ní Tokyo. Nítorí náà, ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti èèyàn gidi lọ, àmọ́ ọgbọ́n àtinúdá rẹ̀ jẹ́ ti èèyàn lásán.

Báwo ni ọgbọ́n àtinúdá yẹn ṣe pọ̀ tó? Ìjà ńlá ni èyí jẹ́ títí di 2007. Kó tó di ìgbà náà, kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn pátẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ kí ẹ fi ibi hàn tí wọ́n ti sọ pé kí wọ́n so nǹkan A mọ́ nǹkan B. Nínú ẹjọ́ KSR àti Teleflex, tó dá lórí ìtẹ̀sẹ̀ mọ́tò tí wọ́n so sẹ́ńsọ̀ mọ́, kọ́ọ̀tù tó ga jù ní rárá, ìyẹn ti le jù. Wọ́n ní oníṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń tẹ̀lé àṣẹ nìkan, ó lè ronú, ó lè to nǹkan pọ̀ fúnra rẹ̀. Tí ohun tó ti wà nílẹ̀ bá kàn pàdé ara wọn, tí olúkúlùkù ń ṣe iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó hàn gbangba. Síbẹ̀, wọ́n ní ẹni tó sọ pé ó hàn gbangba gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí oníṣẹ́ yẹn fi máa so wọ́n pọ̀. Kò lè kàn dúró kó ní "kò sí nǹkan ńbẹ̀".

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé gbólóhùn kẹẹ̀ẹ́dógún sórí ìwọ̀n.

Ẹni tó bá fẹ́ wó o lulẹ̀ máa sọ báyìí: ṣáájú òpin 1994, kámẹ́rà fídíò ti wà tó ń fi àwòrán tó ń rìn han ẹni tó ń yà á. Sẹ́ńsọ̀ tí asẹ́ Bayer bò ti wà láti nǹkan bí ogún ọdún, Kodak fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Kámẹ́rà fọ́tò tí kò lo fíìmù ti wà, ó ní bọ́tìnnì, ó ní mẹ́mórì. Gíláàsì kékeré ò lè gba gbogbo píksẹ́lì sẹ́ńsọ̀, nítorí náà kí ni oníṣẹ́ máa ṣe bí kò ṣe pé kó dín wọn kù? Ètò àwọ̀ gíláàsì kì í sì í ṣe ti sẹ́ńsọ̀, nítorí náà dandan ni kó yí i padà. Ìṣòro yẹn fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ojútùú rẹ̀.

Ẹni tó ń gbèjà Kodak máa ní: ẹ dúró. Kámẹ́rà fídíò ń ṣe fídíò, kámẹ́rà fọ́tò ń ṣe fọ́tò. Kí sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo máa bọ́ ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan yára kí èkejì péye, kí bọ́tìnnì máa pín wọn níyà, èrò mìíràn nìyẹn. Tó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi kún ọjà nígbà náà?

Èwo ni ẹ fara mọ́? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ rántí àlọ́ àpamọ̀. Màmá àgbà á ní, "Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dé-Ọ̀yọ́." Ọmọdé á ronú títí, orí á gbóná. Tí wọ́n bá wá sọ fún un pé ahọ́n ni, á ní, "Ah, mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀!" Irọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n. Ìdáhùn ló wọ inú ìbéèrè lọ tó wá jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó rọrùn. Bó ṣe ń ṣe àwọn adájọ́ náà nìyẹn. Adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ yìí ní 2011 ti ní fóònù oníkámẹ́rà lápò. Ó ti rí ahọ́n náà tipẹ́. Iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni kó yọ ara rẹ̀ kúrò ní 2011, kó padà sí òpin 1994, kó sì máa fi ojú ẹni tí kò tíì gbọ́ ìdáhùn wò ó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ìwé tó ní déètì lórí, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi so wọ́n pọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn wàhálà. Òun nìkan ló lè di ojú wa kúrò lára ìdáhùn.

Èmi ní tèmi, mo wo ààlà yẹn, mo rí i pé ó fẹ̀ jù. Inú àlàyé pátẹ́ǹtì náà, wọ́n ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń kó píksẹ́lì jọ tí wọ́n sì ń dín wọn kù, ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kẹẹ̀ẹ́dógún ò gbé ọgbọ́n yẹn dání. Ohun tó kàn sọ ni pé kí píksẹ́lì "kéré sí i", kí ètò àwọ̀ "yàtọ̀". Kí ló fà á? Tí wọ́n bá rì òpó wọn mọ́ ọgbọ́n kan pàtó, ẹni tó ń ṣe fóònù lè lo ọgbọ́n mìíràn kó sì bọ́. Torí náà ni ààlà fi fẹ̀, kó lè kó gbogbo èèyàn. Ibẹ̀ náà sì ni ewu wà. Ẹni tó bá fẹ ààlà rẹ̀ kó lè gba oko aládùúgbò, ó lè fẹ̀ ẹ́ títí dé orí ilẹ̀ tí baba ẹlòmíràn ti ń dá oko sí kí òun tó dé. Gbólóhùn kan náà tó mú iPhone ni ohun àtijọ́ lè wọ̀.

OHÙN KẸRIN

Mo ti padà o, ẹ má bínú, iná ló lọ.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe lọ. Kodak kọ́kọ́ gbé Samsung àti LG lọ sí ITC, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó lè dá ọjà dúró ní ẹnubodè kó má wọlé. Ní oṣù Kejìlá 2009, adájọ́ ibẹ̀ ní pátẹ́ǹtì náà dúró, Samsung sì ti wọ inú rẹ̀. Samsung san 550 mílíọ̀nù dọ́là, LG náà san ju 400 mílíọ̀nù lọ. Inú Kodak dùn, nítorí ọjà fíìmù ti ń kú lọ ní gbogbo àkókò yìí. Ní oṣù Kìíní 2010, wọ́n yíjú sí Apple àti Research In Motion.

Ní ìparí 2010, ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì Amẹ́ríkà tún gbólóhùn náà yẹ̀ wò, wọ́n ní ó ṣì dúró. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kìíní 2011, adájọ́ ITC ní ohun tó hàn gbangba ni. Àwọn kọmíṣánnà tó wà lókè rẹ̀ ní kí wọ́n tún apá kan rẹ̀ wò. Ní oṣù Karùn-ún 2012, adájọ́ mìíràn, Thomas Pender, ní iPhone 3G àti àwọn BlackBerry kan wọ inú ààlà náà lóòótọ́, àmọ́ ààlà yẹn fúnra rẹ̀ kò dúró, ohun tó hàn gbangba ni. Ní oṣù Keje 2012, àwọn kọmíṣánnà fọwọ́ sí i. Ó parí síbẹ̀ ní ITC.

Ẹnìkan ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀ pé, "Ọ̀gá, ṣé àwọn adájọ́ yẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni? Àwọn kan ní ó dúró, àwọn kan ní ó ṣubú." Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kì í lọ wá ìwé àtijọ́ fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn tó ń jà bá gbé síwájú rẹ̀ ló ń wò. Olùjẹ́jọ́ tuntun lè mú ìwé tuntun wá, tàbí kó fi ọ̀nà tó dára jù ṣàlàyé ìdí tí oníṣẹ́ fi máa so wọ́n pọ̀. Pé pátẹ́ǹtì borí lẹ́ẹ̀kan kò dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti tún gbìyànjú. Ẹ tún wo bí ẹrù náà ṣe wúwo tó: pátẹ́ǹtì tó ti jáde, òfin gbà pé ó dúró títí ẹnìkan á fi wó o. Ẹni tó fẹ́ wó o gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí tó hàn kedere tó sì fi ọkàn balẹ̀ wá, "ó jọ bẹ́ẹ̀" kò tó. Kọ́ọ̀tù tó ga jù tún fìdí èyí múlẹ̀ ní 2011 nínú ẹjọ́ Microsoft àti i4i. Ẹrù yẹn náà ni àwọn Apple gbé, wọ́n sì gbé e dé ibi tó ń lọ.

Ti owó Samsung àti LG ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ẹ̀rí ni pé ìhùmọ̀ gidi ni? Ó lè jẹ́ ẹ̀rí, mo ti sọ pé wọ́n máa ń wo ẹ̀rí ìta. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n sanwó fún. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ti ẹnubodè mọ́ ọjà rẹ̀ lè sanwó kó lè máa tà lọ, kì í ṣe nítorí pé ó gbà pé ìhùmọ̀ ni. Ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ò wúwo àfi tí ẹ bá fi hàn pé ìhùmọ̀ náà gan-an ló fà á.

Kodak ti wọ ìgbèsè kó tó dé ibẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 2012 ni wọ́n lọ sí kọ́ọ̀tù pé àwọn ò lè san gbèsè mọ́. Ìrètí wọn ni láti ta àwọn pátẹ́ǹtì àwòrán wọn, tó lé ní 1,000, èyí tí àwọn kan ti díye lé ní ohun tó ju 2 bílíọ̀nù dọ́là lọ. Nígbà tí wọ́n tà á ní oṣù Kejìlá ọdún náà, nǹkan bí 525 mílíọ̀nù ni wọ́n rí, ìyẹn kò tó ohun tí Samsung nìkan san. Mi ò ní gbólóhùn kẹẹ̀ẹ́dógún nìkan ló fà á o. Ṣùgbọ́n ta ló máa san owó odindi fún ilẹ̀ tí òpó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wó?

Ó kù sí tiwa. Òfin pátẹ́ǹtì Nàìjíríà ti wà láti 1970. Ó ní ìhùmọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ ṣeé lò ní ilé iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó ń tẹ̀lé ohun tó ti wà nílẹ̀ lọ́nà tó hàn gbangba, yálà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, nínú bí wọ́n ṣe so ọ̀nà pọ̀, tàbí nínú àbájáde rẹ̀. Ẹ rí i pé ìbéèrè kan náà ni. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà ńbẹ̀ ni pé ọ́fíìsì tiwa ní Àbújá kì í yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí wọ́n tó fún yín ní ìwé. Tí ìwé yín bá pé, tí owó sì wọlé, wọ́n á fún yín. Òfin náà sọ ọ́ kedere pé ewu wà lórí ẹni tó gbà á, ìjọba ò fọwọ́ sọ̀yà pé ó dúró. Ọjọ́ tí ẹ bá mú ìwé yẹn lọ bá ẹnìkan ní Federal High Court ni wọ́n máa tó bi yín ní ìbéèrè tí wọ́n bi Kodak. Nítorí náà, àbúrò, tí lọ́yà bá sọ fún ẹ pé "ó ti jáde, ó ti parí", má jó.

Ohun tí màá fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀rọ adìẹ rẹ ni èyí. Ṣé ìṣòro kan wà tí ẹni tó kàn ra kámẹ́rà, pánẹ́ẹ̀lì àti kọ̀ǹpútà, tó so wọ́n pọ̀, máa kó sínú rẹ̀, tí ìwọ sì ti rí ọ̀nà bọ́ ńbẹ̀? O sọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, àmọ́ ariwo ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́: o ní lálẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, àwọn adìẹ ń para pọ̀ di ọ̀kan lójú kámẹ́rà, pé o sì ti yí bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀ padà kó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni kí o rì òpó rẹ sí. Kọ ọ́ sílẹ̀, fi déètì sí i, kọ ohun tí o kọ́kọ́ gbìyànjú tí kò ṣiṣẹ́ náà. "Kámẹ́rà tó ń ka adìẹ" ti fẹ̀ jù, wọ́n á rí nǹkan àtijọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó kù á dùn ẹ́ díẹ̀. Òfin wa ka ohun tó ti wà nílẹ̀ sí ohunkóhun tí aráàlú ti lè rí, níbikíbi láyé, ìbáà jẹ́ ìwé, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìbáà jẹ́ pé wọ́n lò ó lójú ayé, ṣáájú ọjọ́ tí o kó ìwé rẹ wọlé. Ohun tí o fi hàn fúnra rẹ wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún olùhùmọ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tó bá ti fi tirẹ̀ hàn. Tiwa ò ní irú ìyẹn, àfi oṣù mẹ́fà fún ẹni tó gbé e lọ sí ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ìpàtẹ àgbáyé, a lé ní igba, kò sì sẹ́ni tó búra àṣírí nínú wa. Àwòrán ẹ̀rọ náà tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, gbogbo wa la ti rí i. Bí o ṣe ń ṣe sẹ́ńsọ̀ lálẹ́ ni o kò tíì ṣàlàyé. Jọ̀ọ́, má ṣàlàyé rẹ̀ síbí. Pè mí ní Mọ́ńdè.